Ìtóbi ewé kọ́ la fi ń bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́rọ́ ìdámọ̀ ewéko

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ bàólọ́jì gbà pé ohun tí ojú kọ́kọ́ rí ló yẹ kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́rọ́ ìdámọ̀, ìyẹn àwọn ìbéèrè tó ń pín ewéko sí apá méjì-méjì títí a ó fi mọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan: ewé ńlá lápá kan, ewé kékeré lápá kejì. Bẹ́ẹ̀ ewé a máa tan èèyàn. Ẹ wọ oko kòkó èyíkéyìí l'Ékìtì: ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ máa ń pọ́n, kó tó wá di àwọ̀ ewé. Èyí tó wà lábẹ́ ibòòji sábà máa ń fẹ̀ ju èyí tí oòrùn ń pa lọ, lórí igi kan náà. Etí ewé ìrókò kékeré rí bí eyín ayùn. Bí igi náà bá dàgbà, etí ewé á dán. Ẹni tó bá gbára lé ìwọ̀nyí á pe igi kan ní méjì.

Bí ewé ṣe so mọ́ ẹ̀ka ni kì í tètè yí padà. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má gba ewé ẹyọ kan lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kí wọ́n gé ẹ̀ka tó gùn tó rúlà, tó ní oríkèé (ibi tí ewé ti ń yọ lára ẹ̀ka) 3 ó kéré tán. Ewéko 6 tó fún ọjọ́ àkọ́kọ́: akòko, dongoyaro, efinrin, ewúro, mángòrò àti gbágùúdá. Ìbéèrè 5 péré ni wọ́n máa gbà.

Ìkíní: ṣé ewé náà pín sí wẹ́wẹ́? Ibí ni wọ́n ti ń ṣìnà jù. Akẹ́kọ̀ọ́ á já ẹyọ kan lára dongoyaro, á ní ewé nìyẹn. Ẹ ní kó wo kọ̀rọ̀ tí ọ̀pá ewé ti kan ẹ̀ka: ojú kékeré kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀ka tuntun lè ti yọ. Kò sí irú rẹ̀ ní ìdí àwọn wẹ́wẹ́ náà, torí ewé kan ṣoṣo ni gbogbo wọn. Gbágùúdá ń kọ́? Ìka rẹ̀ ya jìnnà, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì lẹ̀ pọ̀ ní ìdí, kò pín.

Ìkejì wà fún àwọn tí ewé wọn pín: akòko tí a fi ń joyè máa ń yọ ewé méjì tàbí mẹ́ta ní oríkèé kan, ti dongoyaro ń yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ewé wọn kò pín ló kù: ìkẹta yọ efinrin, tí ewé rẹ̀ ń dojú kọra ní méjì-méjì. Ìkẹrin yọ gbágùúdá nípa ìka rẹ̀. Ìkarùn-ún: etí ewé ewúro ní eyín wẹ́wẹ́, ti mángòrò dán. Kí wọ́n má tọ́ ewé wò o: májèlé wà nínú ewé gbágùúdá tútù.

Apá méjèèjì ìbéèrè kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dá lórí ohun kan náà. "Etí ewé dán" kò bá "òdòdó funfun" dọ́gba. Lẹ́yìn náà, kí ẹgbẹ́ mìíràn dán kọ́kọ́rọ́ náà wò. Ibi tí ẹni méjì bá ti gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ pẹ̀lú ẹ̀ka kan náà ni kí wọ́n tún kọ.