Ọsán Abẹ́ Ẹsẹ̀

Bí gìgísẹ̀ bá ń dunni, tí fọ́tò X-ray sì gbé egungun ṣóńṣó kan jáde níbẹ̀, ẹjọ́ ti parí lójú ọ̀pọ̀ èèyàn: "Egungun ló hù." Wọ́n kàn ń purọ́ mọ́ egungun ni. Ọ̀pọ̀ ló ń gbé irú rẹ̀ kiri tí kò dùn wọ́n rí, ẹni tí gìgísẹ̀ sì ń dà láàmú gan-an lè má ní in. Iṣan pẹlẹbẹ tó ta láti egungun gìgísẹ̀ dé ìdí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló yẹ ká bi.

Ọrun ni àtẹ́lẹsẹ̀. Àwọn egungun tó ká sókè láàárín ni igi rẹ̀, iṣan yìí ni ọsán. Bí a bá fẹ́ gbẹ́sẹ̀, àtàǹpàkò á ká sẹ́yìn, á fa ọsán le, ọrun á ga sókè, ẹsẹ̀ tó rọ̀ nígbà tó ń balẹ̀ á wá le gbọin láti ti ara síwájú. Onígángan Ọ̀yọ́ tó ń fún ọsán ìlù lábẹ́ apá mọ ọgbọ́n yìí: bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn ìsàlẹ̀, bó bá fún un, ohùn òkè. Ẹ fọwọ́ kan fa àtàǹpàkò sẹ́yìn, kí ẹ fi ìkejì tẹ àárín àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ ó bá a níbẹ̀, á le koko bí okùn. Àbùkù rẹ̀ ni pé ojú kékeré kan, níwájú gìgísẹ̀ lápá inú, ni gbogbo wàhálà yẹn so mọ́. Ibẹ̀ ló ti ń gbó díẹ̀díẹ̀ lára ẹni tó ń fi sílípáàsì pẹlẹbẹ dúró lórí sìmẹ́ńtì lọ́jà Akẹ̀sán látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹni tó sanra, tàbí ẹni tí iṣan ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ le.

Lóru, ẹsẹ̀ á na ìka sísàlẹ̀, ọsán á súnkì. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ á wá fà á lójijì, á gún bí ìṣó. Ìdí nìyí tí ìtọ́jú fi ń bẹ̀rẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó kanlẹ̀: ẹ jókòó sétí ibùsùn, ẹ gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn lé orúnkún kejì, ẹ fa ìka rẹ̀ sẹ́yìn, kí ẹ ka 1 dé 10. Ìgbà 10, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́.

Fífà nìkan kò tó, ó yẹ kí iṣan náà lágbára. Ẹ ká tówẹ́ẹ̀lì sábẹ́ ìka ẹsẹ̀ létí àtẹ̀gùn, kí gìgísẹ̀ wà lófuurufú. Ẹ fi ẹsẹ̀ kan náà gbé ara sókè bí ẹ ṣe ń ka 1 dé 3, ẹ dúró kí ẹ ka 1 dé 2, ẹ rọra sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú 3. Ìgbà 12, kí ẹ fi ọjọ́ kan sinmi láàárín. Ẹ má fẹsẹ̀ lásán rìn lórí táìsì. Ike omi dídì tí a ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀ a máa pẹ̀rọ̀ sí i, ṣùgbọ́n alátọ̀gbẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í mọ nǹkan lára mọ́ kò gbọdọ̀ dán an wò.

Abẹ́rẹ́ steroid, oògùn tó ń dín wíwú kù, a máa mú ìrora lọ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí wọ́n bá ń gún un lágùn-úntúngún, ó lè jẹ ọ̀rá tó ṣe tìmùtìmù fún gìgísẹ̀, iṣan gan-an sì lè já. Ọsán já, ọrun dọ̀pá: ẹsẹ̀ lè tẹ́ pẹrẹsẹ.

Bó bá ń dunni lóru láìtẹ̀ ẹ́, tàbí tó wú, dókítà ni kó wò ó. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, oṣù ni ká máa kà. Èyí tó pọ̀ jù a máa san kí ọdún kan tó yípo, àfi ẹni tó pa ìfàsẹ́yìn ìka tì lọ́sẹ̀ kejì torí pé ó ti rí ilẹ̀ tẹ̀.