Afẹ́fẹ́ tó yí ráútà ká ló ń pinnu bí yóò ṣe pẹ́ tó

Ráútà kì í sinmi. Wọ́n máa ń pa tẹlifíṣàn tí ilẹ̀ bá ṣú, fìríìjì pàápàá ń dákẹ́ díẹ̀ kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ṣùgbọ́n àpótí kékeré tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé wà lẹ́nu iṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ká ní wáàtì 10 ló ń jẹ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló ń di ooru, nítorí èyí tó bá ìgbì Wi-Fi jáde kò tó nǹkan. Wáàtì 10 kò pọ̀. Gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 60 ń jẹ ìlọ́po mẹ́fà rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbangba ni gílóòbù máa ń wà. Ráútà ni wọ́n máa ń fi pamọ́ sẹ́yìn tẹlifíṣàn, tí wọ́n á gbé dikódà lé e lórí, tí wọ́n á tún fi aṣọ léèsì kékeré bò ó kí pálọ̀ lè dùn ún wò.

Ooru kì í pòórá, ó kàn ń ṣí kúrò níbì kan lọ sí ibòmíràn ni. Nínú ráútà, orí chip tó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀ àti orí àwọn tó ń ti ìgbì Wi-Fi jáde ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ wọn á gba ooru náà, á tẹ́ ẹ káàkiri ara rẹ̀, afẹ́fẹ́ inú àpótí á sì gbà á lọ́wọ́ irin. Afẹ́fẹ́ tó bá ti gbóná máa ń fúyẹ́, ó sì máa ń gba òkè lọ bí èéfín àrò. Bí ó ṣe ń gba ihò òkè jáde ni afẹ́fẹ́ tútù ń gba ihò ìsàlẹ̀ wọlé rọ́pò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ráútà ilé ni kò ní fáànù nínú. Ìrìn afẹ́fẹ́ yìí nìkan ni wọ́n gbójú lé. Ihò wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́, imú tó fi ń mí ni. Ẹni tó gbé ráútà lé kápẹ́ẹ̀tì onírun ti dí imú ìsàlẹ̀, ẹni tó fi aṣọ bò ó ti dí ti òkè.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fiyè sí ni pé ráútà kò ní ìwọ̀n gbóná kan tí ó máa ń dúró sí. Ohun tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, bí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá yí, ni iye dígíírì tí ó fi gbóná ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ. Ká ní dígíírì Celsius 30 ni. Nínú yàrá kan ní London tó wà ní dígíírì 20, inú ráútà náà á wà ní 50. Bí wọ́n bá gbé e wá sí Ìbàdàn, lọ́sàn-án oṣù Kẹta tí yàrá ti di 35, á di 65. Tí wọ́n bá wá tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti di 45, ó di 75 nìyẹn. Ìwé tó ń bá ọ̀pọ̀ ráútà wá sọ pé kí afẹ́fẹ́ ibi tí wọ́n bá gbé e sí má kọjá dígíírì 40. Ẹni tó wà ní London ṣì ní dígíírì 20 lọ́wọ́ kí ó tó kan ààlà yẹn. Márùn-ún péré ló kù fún ará Ìbàdàn, kọ́bọ́ọ̀dù sì ti jẹ márààrún.

Ìbàjẹ́ tí ooru ń ṣe pín sí méjì. Èyí tó hàn sójú ni pé nígbà tí ọpọlọ ráútà bá rí i pé ara òun ti gbóná jù, ó lè dẹ ìrìn rẹ̀ kí ó má baà jó, tàbí kí ó pa ara rẹ̀ kí ó sì tún tan. Fídíò á máa dúró, ìpè á máa já.

Èyí tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́lẹ̀ ló le jù. Nínú ráútà àti nínú ṣájà rẹ̀, àwọn nǹkan tíńtín kan wà tó rí bí agolo, capacitor ni wọ́n ń pè wọ́n. Iṣẹ́ wọn ni láti jẹ́ kí iná tó ń wọlé máa ṣàn geere láì gbọ̀n. Omi kẹ́míkà díẹ̀ wà nínú irú èyí tó wọ́pọ̀, ooru ló sì ń fà á gbẹ. Wọ́n máa ń tẹ iye dígíírì tí ó lè fara dà sí i lára, 85 tàbí 105. Ìṣirò tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń lò ni pé, tí ooru bá fi dígíírì 10 dín kù, ọjọ́ orí rẹ̀ á di ìlọ́po méjì. Èyí tí wọ́n ṣe fún wákàtí 2,000 ní dígíírì 105, tí kò ju nǹkan bí ọjọ́ 83 lọ, á lo wákàtí 16,000 ní dígíírì 75. Ìyẹn kò pé ọdún méjì. Ní 65, ó di 32,000, ó lé ní ọdún mẹ́ta àtààbọ̀. Ní 55, ó di 64,000, ó lé ní ọdún méje. Nítorí náà, dígíírì 10 tí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn fi kún un ti gé ọjọ́ orí rẹ̀ sí ìdajì. Tí agolo náà bá ti ń gbẹ, orí rẹ̀ lè wú sókè bí ìgbà tí nǹkan inú agolo bá bà jẹ́, ráútà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú, á máa tan láìnídìí. Ó dunni pé ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ máa ń ra dátà kún dátà, tí wọ́n rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò dára.

Ní ilé tó ní ínfátà, ọ̀rọ̀ yìí tún burú sí i. Tí wọ́n bá mú iná lọ lọ́sàn-án gangan, AC á kú, ṣùgbọ́n ráútà kì í kú, nítorí orí ínfátà tàbí orí UPS kékeré, àpótí bátìrì tó ń gbé iná fún un, ló wà. Ìgbà tí yàrá bá gbóná jù, tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò mì rárá, ni gbogbo ilé tún wá gbára lé e. Bátìrì lithium ló sábà máa ń wà nínú UPS kékeré bẹ́ẹ̀, òun náà ń gbóná, kò sì yẹ kí wọ́n ṣáàjì bátìrì bẹ́ẹ̀ níbi tí ooru bá ti kọjá dígíírì 45. Kí wọ́n má gbé ráútà lé e lórí. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni kí wọ́n wà, kí àlàfo tó gba àtẹ́lẹwọ́ sì wà láàárín wọn. Bátìrì ló wà nínú MiFi, ìyẹn ráútà kékeré tí wọ́n ń gbé kiri, náà. Tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti ń wú, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí iná, kí wọ́n má sì gún un.

Àtúnṣe tó dára jù kò náni ní kọ́bọ̀: kí wọ́n gbé ráútà jáde sí gbangba, tàbí kí wọ́n gbé e kọ́ ògiri, níbi tí oòrùn ojú fèrèsé kò ti ní máa pa á. Wi-Fi náà á túbọ̀ já gaara, nítorí irin ẹ̀yìn tẹlifíṣàn kì í jẹ́ kí ìgbì kọjá dáadáa. Tó bá jẹ́ pé inú kọ́bọ́ọ̀dù ló gbọ́dọ̀ wà, ihò méjì ni kí káfíńtà lu sí i, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Ihò kan ṣoṣo kò tó, torí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ rí ibi wọlé kí ó tó lè rí ibi jáde.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ fáànù tó kàn. Fáànù kékeré tó ń lo fóltì 5 wà, tí wọ́n lè kì bọ ojú USB ẹ̀yìn ráútà. Ojú USB 2.0 lè gbé wáàtì 2.5, ó sì tó fún un. Ojú ihò òkè ni kí ó wà, kí ó kọjú síta, kó máa fa afẹ́fẹ́ gbígbóná jáde. Fáànù kò lè sọ afẹ́fẹ́ dígíírì 35 di 25. Dígíírì 30 tí ráútà fi ga jù ú lọ ni ó ń bá a dín kù, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń rìn ń gba ooru ju èyí tó dúró lọ, bí ẹnu tí a fẹ́ sí ògì gbígbóná ṣe ń mú kó tètè lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Nígbà ọyẹ́, eruku pupa máa ń dí ihò ráútà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí wọ́n pa á, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ gbá a, kì í ṣe rágì tútù. Kí omi má sún mọ́ ọn rárá. Àmù ń tutù nítorí pé omi ń tara rẹ̀ gbẹ lọ, ọgbọ́n ìkòkò nìyẹn, kì í ṣe ti ráútà. Ẹni tó bá gbé ráútà lé yìnyín á rí i pé omi á sẹ̀ sí i lára bó ṣe ń sẹ̀ sára igo ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ sì tó láti pa á.

Láti mọ̀ bóyá ooru ni ìṣòro, kí wọ́n wo aago tí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń já. Tó bá jẹ́ ọ̀sán ni, tí ó sì máa ń dára ní ìdájí, kí wọ́n gbé ráútà sí gbangba fún ọjọ́ méjì, kí fáànù yàrá máa fẹ́ sí i. Tí jíjá náà bá dáwọ́ dúró, kò gbọdọ̀ padà sí kọ́bọ́ọ̀dù bó ṣe wà. Tí kò bá dáwọ́ dúró, ṣájà ni kí wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀ sí èyí tí fóltì rẹ̀ bá ti ráútà mu, kí wọ́n tó pe àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì.