EF méjì fún ọkàn kan: ṣé ẹ̀rọ ló ń purọ́?

Ní Iléṣà, bí ẹnì kan bá gbé èsì àyẹ̀wò ọkàn méjì wọlé tí nọ́ńbà wọn kò bára mu, ẹjọ́ kì í pẹ́ parí. Ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Bí kì í bá ṣe ẹ̀rọ, a jẹ́ pé àwọn dókítà ń wá owó. Ẹ jẹ́ ká sọ pé EF bàbá kan, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí ọkàn ṣe ń tú ẹ̀jẹ̀ jáde tó, jẹ́ 60 nígbà tó ń sinmi, ó wá di 48 lẹ́yìn tí wọ́n ní kó rìn lórí ẹ̀rọ. Àwọn ọmọ á di 60 mú, wọ́n á ní 48 kì í ṣe tiwọn. Lójú tèmi, 48 yẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n jókòó tì.

EF ni ìdá ẹ̀jẹ̀ tí yàrá ọkàn apá òsì ń tú jáde nígbàkúùgbà tó bá súnkì. Bí yàrá náà bá gba mílílítà 120, tó tú 72 jáde, EF jẹ́ 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Láti 50 sí 70 ni wọ́n sábà máa ń kà sí dáadáa. Kì í dúró sójú kan, iṣẹ́ tí ọkàn ń ṣe lásìkò náà ló ń gbé e sókè sódò.

Òpójẹ̀ tó ń bọ́ ẹran ọkàn lè há gan-an kí ọkàn tó ń sinmi má sì mọ̀ ọ́n lára. Ní 1974, dókítà ọkàn kan, Gould, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ajá wádìí rẹ̀: ẹ̀jẹ̀ ìgbà ìsinmi kò dín kù títí òpójẹ̀ fi há tó nǹkan bí 85 nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ agbára láti fi kún ẹ̀jẹ̀ náà ti ń lọ sílẹ̀ tipẹ́ kó tó débẹ̀. Ó yẹ kí èyí tètè yé ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Ta ló ń mọ̀ pé ajigbèsè kò lówó lọ́wọ́, àfi ìgbà tí òṣómàáló bá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tó ní òun kò níí kúrò?

Nígbà ìrìn, ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá tó nínú ẹran ọkàn kì í lè tú ara sílẹ̀ dáadáa mọ́, lẹ́yìn náà ni kò ní lè súnkì, kí ìlà ECG, èyí tó ń ya iná ara tó ń mú ọkàn lù, tó yí padà. Àyà dídùn ló sábà máa ń kẹ́yìn, ẹlòmíràn, pàápàá ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, kò sì ní rí i rárá. Nítorí náà, "àyà kò dùn mí" kì í ṣe ẹ̀rí.

Bí ìrìn bá parí, ẹ̀jẹ̀ á padà, ṣùgbọ́n ẹran ọkàn lè máà bá a padà lójú ẹsẹ̀. Àwọn dókítà méjì, Braunwald àti Kloner, ló fún ipò yìí lórúkọ ní 1982: "stunned myocardium", ẹran ọkàn tó dákú. Ẹran náà kò kú, kò sì tíì lè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ó lè gba ìṣẹ́jú, ó lè gba wákàtí.

Àwòrán tó ń lo èròjà onítànṣán bíi technetium-99m ló ń fi èyí hàn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà. Ìgbà tí ìrìn bá le jù ni wọ́n ń fún èèyàn ní abẹ́rẹ́ náà. Èròjà á jókòó sínú ẹran ọkàn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pín lásìkò yẹn. Àmọ́ ó di nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí 60 lẹ́yìn náà kí wọ́n tó ya àwòrán. Àwòrán kan, àkókò méjì: bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pín jẹ́ ti orí ẹ̀rọ ìrìn, EF jẹ́ ti orí bẹ́ẹ̀dì. Bí EF bá ṣì wálẹ̀ nígbà yẹn, a jẹ́ pé ọkàn kò tíì bọ́ nínú ìyà ìrìn tó ti parí. Ti echo, àwòrán ọkàn tí wọ́n ń fi ìró yà, yàtọ̀: bí èèyàn bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni wọ́n ń sáré tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, torí bí wọ́n bá pẹ́ ju ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lọ, ibi tó ń ṣe ségesège lè ti bọ̀ sípò.

Kì í ṣe gbogbo ìyàtọ̀ ló ní ìtumọ̀ o. Láti 60 sí 57, ẹ gbàgbé ẹ̀. Ọkàn tí kì í lù déédéé ń da ìṣirò rú, ọkàn kékeré, bíi ti ọ̀pọ̀ obìnrin, sì máa ń gba nọ́ńbà tó ga ju bó ṣe yẹ lọ. Kódà, níbi tí èròjà kò bá dé dáadáa, kọ̀ǹpútà lè ṣi ìlà ògiri ọkàn fà. Dókítà á wò ó bóyá ibi tí kò súnkì bá ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mu. Bí ẹ bá ń lọ sí ilé ìwòsàn Wesley Guild, tàbí wọ́n rán yín dé Ifẹ̀, ìwé méjèèjì ni kí ẹ mú dání.

Ẹni tí orúnkún kò jẹ́ kó rìn, wọ́n lè fi oògùn bíi adenosine, tó ń mú kí òpójẹ̀ ọkàn là sí i, ṣe tiẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé obì fún bàbá láti ọjọ́ tó ṣáájú. Káfíìnì inú obì, bíi ti kọfí àti tíì, ń dí oògùn náà lọ́wọ́, èsì á wá jáde bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí bàbá ń lò ńkọ́? Dókítà ló máa sọ bóyá kó dá a dúró, kì í ṣe ọmọ.