Kíláàsì kọ́lẹ́ẹ̀jì nígbà summer: ẹyọ kan ti tó ọmọ háísìkúùlù

Ẹ̀yin òbí wa tẹ́ ẹ wà ní California, iṣẹ́ mi ni kí n máa tọ́ àwọn ọmọ háísìkúùlù sọ́nà títí wọ́n á fi wọ yunifásítì, bí oṣù karùn-ún bá sì ti wọlé báyìí, ohun tẹ́ ẹ máa ń bi mí ni pé kíláàsì mélòó lọ́mọ yín lè ṣe pọ̀ ní community college (kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba ọlọ́dún méjì) nígbà summer. Ẹyọ kan ni. Mo mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ló ń fà wá, torí dọ́là 46 làgbàlagbà ń san lórí yúnìtì kan (yúnìtì ni wọ́n fi ń díwọ̀n iṣẹ́ kíláàsì), àmọ́ ọmọ háísìkúùlù tí yúnìtì ẹ̀ ò bá ju 11 lọ kì í sábà san án, owó ìwé àtàwọn owó pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ ló kù.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, kíláàsì yúnìtì mẹ́ta tí wọ́n ń fi bí ọ̀sẹ̀ 16 ṣe, wọ́n lè fún un mọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nígbà summer, iṣẹ́ inú ẹ̀ ò sì dín. Tẹ́ ẹ bá ro àkókò tó máa fi jókòó ní kíláàsì pọ̀ mọ́ èyí tó máa fi kàwé nílé, ó máa tó wákàtí 24 lọ́sẹ̀. Ẹ wá ní kó ṣe méjì, kó tún máa bá yín tọ́jú àbúrò! Bẹ́ẹ̀ gírédì tó bá gbà, ojúlówó gírédì kọ́lẹ́ẹ̀jì ni, kì í parẹ́, yunifásítì á béèrè ẹ̀, tó bá sì fẹ́ ka ìṣègùn lọ́jọ́ iwájú, wọ́n á tún béèrè ẹ̀ níbẹ̀. Ó máa ń dùn mí gan-an tí òbí bá ní torí ọmọ òun máa di dókítà, àfi dandan kó ṣe chemistry lọ́sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Kíláàsì tí kò sí nílé ìwé ẹ̀ tó sì wù ú ni kó mú: psychology, anthropology, accounting. Kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí ìkànnì ASSIST.org bóyá UC àti CSU, ìyẹn àwọn yunifásítì ìjọba California, ń gbà á. Tí UC bá ń gbà á, tó sì jẹ́ yúnìtì mẹ́ta ti semester, wọ́n máa ń kà á sí odindi ọdún kan nínú iṣẹ́ háísìkúùlù. Yunifásítì aládàáni ní òfin tiwọn, ẹ bi wọ́n.

Ohun kan wà tó máa ń ká àwa òbí Yorùbá lára. Láti ọdún 1974 ni FERPA, òfin Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ti wà, ọmọ tó bá ti ń ṣe kọ́lẹ́ẹ̀jì, ì báà jẹ́ ọmọ 15, òun ló ni àṣẹ lórí àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ ẹ̀ níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá pe lẹ́kítọ́rà pé báwo lọmọ mi ṣe ń ṣe sí, kì í sábà dá yín lóhùn àfi tọ́mọ bá ti fọwọ́ sí i. Ọmọ fúnra ẹ̀ ló máa kọ ímeèlì, òun ló máa mọ ọjọ́ tí àǹfààní àtijáwọ́ láìsí W (àmì pé ó já kíláàsì sílẹ̀) máa parí, tó sì jẹ́ pé ní summer ọjọ́ díẹ̀ péré ni. Ọmọ tí kò bá tíì lè ṣèyẹn, ẹ jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ tètè gba ìbuwọ́lù háísìkúùlù pé wọ́n gbà kó ṣe é, kí wọ́n tó gba ọlidé. Àwọn ọmọ háísìkúùlù ló sì sábà máa ń forúkọ sílẹ̀ gbẹ̀yìn, kó mú kíláàsì méjì míì dání, tí èyí tó fẹ́ bá ti kún, kó wọ waitlist (orúkọ àwọn tó ń dúró de àyè) kó sì yọjú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, torí àwọn kan máa ń já a sílẹ̀.