Kọ̀ǹpútà Mọ Kàlẹ́ńdà, Kò Mọ Kádàrá

Àwọn tó ń wo àtẹ ìbí àwọn ará Ṣáínà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í fẹ́ kí ẹ pè é ní ọ̀rọ̀ aríran. Wọ́n á ní ìṣirò ni. Ẹ tẹ ọjọ́, oṣù, ọdún àti wákàtí ìbí yín sínú fóònù, kí ẹ tó ṣẹ́jú, àtẹ ti yọ: iná rẹ pọ̀, omi rẹ kò tó, má ṣe iṣẹ́ báǹkì, ọdún tó ń bọ̀ lo máa rí olólùfẹ́. Kọ̀ǹpútà kì í sì í ṣi ìṣirò ṣe, nítorí náà wọ́n gbà pé ohun tó bá sọ kò lè yẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣìnà. Ìṣirò náà péye lóòótọ́. Ìtumọ̀ tí wọ́n gbé kà á lórí ni kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

BaZi ni wọ́n ń pè é ní Ṣáínà, saju ni àwọn ará Kòríà ń pe tiwọn. Ọdún, oṣù, ọjọ́ àti wákàtí ni òpó mẹ́rin tó dúró lé. Òpó kọ̀ọ̀kan ní àmì méjì: ọ̀kan nínú àmì ọ̀run mẹ́wàá, ọ̀kan nínú àmì ilẹ̀ méjìlá, àwọn tí a mọ̀ sí eku, ẹkùn, ẹṣin, àkùkọ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo wọn tún pín sábẹ́ igi, iná, erùpẹ̀, irin àti omi. Láti ayé ìjọba Song, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, nínú ọ̀nà tí wọ́n fi orúkọ Xu Ziping, ọ̀mọ̀ràn BaZi kan, pè, àmì ọ̀run ti ọjọ́ ìbí ló dúró fún ẹni náà fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí àmì ọjọ́ yẹn. Ọ̀pọ̀ rò pé ìràwọ̀ ni wọ́n ń wò, bẹ́ẹ̀ kò sí ìràwọ̀ kankan níbẹ̀. Ọdún àti oṣù ń tẹ̀lé ìrìn oòrùn, àmọ́ ọjọ́ kàn ń lọ láti 1 dé 60 ni, nítorí ọ̀nà ọgọ́ta ni àmì mẹ́wàá àti méjìlá yẹn ń gbà pàdé; tó bá pé, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí ohun tó ń yí po lójú ọ̀run ní ọgọ́ta ọjọ́ ọgọ́ta ọjọ́ tí wọ́n lè nàka sí. Bí a ṣe ń ka ọjọ́ ọjà ní ọrọọrún náà ni: àwọn èèyàn ló fẹnu kò sí i, ó sì wúlò, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bí lọ́jọ́ ọjà kò tìtorí ẹ̀ di ọlọ́jà.

Wákàtí ìbí tún ní wàhálà tirẹ̀. Oòrùn ni àwọn ará àtijọ́ fi ń mọ àkókò, wákàtí méjì méjì ni wọ́n sì pín in sí. Lónìí, aago Beijing ni òfin fọwọ́ sí fún gbogbo Ṣáínà, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ náà fẹ̀ débi pé oòrùn ìlú Ürümqi ní ìwọ̀ oòrùn fi bíi wákàtí méjì rẹ̀yìn sí aago yẹn. Láàárín 1986 sí 1991, wọ́n tún máa ń ti aago síwájú ní wákàtí kan nígbà ooru. Àwọn ìkànnì kan ń ṣàtúnṣe fún èyí, àwọn mìíràn kì í ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà kan ọmọ Èkó pàápàá, nítorí aago Nàìjíríà fi bí ìṣẹ́jú 46 ṣáájú oòrùn Èkó. Ọmọ tí wọ́n bí láago kan ààbọ̀ ọ̀sán, aago ara ògiri ní wákàtí àgùntàn ló bọ́ sí, oòrùn ní wákàtí ẹṣin ni. Ìkànnì méjì, kádàrá méjì. Ká má tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ìyá wọn kàn mọ̀ pé ìgbà tí àwọn ọmọ iléèwé ń darí bọ̀ wálé lòun bí wọn.

Ẹ wá ṣírò: ọdún 60, oṣù 12, ọjọ́ 60, wákàtí 12. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, 518,400 àtẹ ló wà. Èèyàn tó wà láyé ju bílíọ̀nù mẹ́jọ lọ. Ní ìpíndọ́gba, ó ju 15,000 èèyàn lọ tó ń pín àtẹ kan, ọ̀nà kálukú wọn sì jìn síra. Ṣé kádàrá kan náà ni gbogbo wọn ní?

Irú ìbéèrè yìí ti pẹ́ ní Ṣáínà, ó ṣáájú BaZi. Ní ọ̀rúndún kìíní, ọ̀mọ̀ràn kan tó ń jẹ́ Wang Chong kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn tí kò gba kádàrá gbọ́ máa ń tọ́ka sí Changping, níbi tí ọ̀gágun Bai Qi ti pa 400,000 ọmọ ogun ìjọba Zhao tó ti túúbá. Ṣé ìpín kan náà ni gbogbo wọn gbà wáyé? Wang Chong fúnra rẹ̀ gba kádàrá gbọ́, ṣùgbọ́n kò fi ìbéèrè náà pamọ́.

Ìgbàgbọ́ yìí kì í sì í ṣe eré. Ọdún Ẹṣin Iná ni 1966, wọ́n sì máa ń sọ ní Japan pé obìnrin tí wọ́n bí lọ́dún bẹ́ẹ̀ yóò pa ọkọ rẹ̀ jẹ. Ọmọ tí wọ́n bí níbẹ̀ ní 1965 tó mílíọ̀nù 1.82, ní 1966 ó já sí mílíọ̀nù 1.36, ní 1967 ó gòkè ju mílíọ̀nù 1.9 lọ. Ọdún nìkan ni wọ́n wò o, òpó kan nínú mẹ́rin! Ẹṣin Iná kan náà ló tún ni 2026.

Kí ló wá dé tí àlàyé náà fi ń bá èèyàn lára mu? Ní 1948, Bertram Forer, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ṣe ìdánwò fún akẹ́kọ̀ọ́ 39, ó sì fún kálukú ní àpèjúwe ìwà rẹ̀. Ní ìpíndọ́gba, wọ́n gbé máàkì 4.26 nínú 5 fún bí àpèjúwe náà ṣe bá wọn mu tó. Àṣé ọ̀rọ̀ kan náà ló fún gbogbo wọn, inú ìwé ìwòràwọ̀ ìgboro ló ti ṣà á jọ. Ẹ sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó lágbára àmọ́ ọkàn rẹ̀ rọ̀, pé wọn kò mọyì rẹ̀ tó. Ta ló máa jiyàn?

Mi ò bú àwọn ọ̀dọ́ tó ń sá tọ àtẹ yìí. Fún oṣù Òkúdù 2023, Ṣáínà kéde pé nínú àwọn ọ̀dọ́ ìgboro tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ń wáṣẹ́, ìdá 21.3 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ìjọba dá ìkéde náà dúró fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí DeepSeek, ẹ̀rọ AI láti Ṣáínà tó ń dáhùn ìbéèrè, gbòde ní 2025, kíá làwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè BaZi wọn. Fóònù kì í sùn, kì í fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì ń dárúkọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó: omi. Ọ̀fẹ́ ni àtẹ. Ẹ̀gbà ọwọ́ tí wọ́n ní ó ń fi kún omi tí kò tó nínú àtẹ, owó ni.

Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò, kó gba àlàyé àtẹ tirẹ̀ àti ti ẹni mẹ́rin mìíràn. Kó yọ orúkọ àti ọjọ́ ìbí kúrò, kó dà wọ́n pọ̀, kó wá ní kí ọ̀rẹ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa mú tirẹ̀ jáde. Kó tó sanwó ni o.