Ohun tó ń sọ ìwé òfin àti àdéhùn di òfo

Ìwé lè ní ìbuwọ́lùwé, kó ní òǹtẹ̀, kó má sì níláárí níwájú adájọ́. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ní kóòtù ni pé: ṣé òfo ni látìbẹ̀rẹ̀, àbí ó ṣì dúró títí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ yóò fi ní kí wọ́n wọ́gi lé e?

Ayédèrú ìbuwọ́lùwé jẹ́ òfo látìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àdéhùn láti dá ọ̀ràn. Bí wọ́n bá fi ayédèrú ìwé ta ilé, tí ẹni tó rà á tún tà á fún ẹlòmíràn tí kò mọ nǹkan kan, òfin ọ̀pọ̀ ibi kò ní gba ilé náà fún un. Kò sí bí ẹ̀tọ́ tí kò sí lọ́wọ́ ẹni tó tà ṣe máa dé ọwọ́ ẹni tó rà.

Ti irọ́ àti ìhàlẹ̀ yàtọ̀. Onílé tí wọ́n purọ́ fún ló fọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lùwé, nítorí náà àdéhùn ń ṣiṣẹ́ títí yóò fi kọ̀ ọ́. Bí oníjìbìtì bá ti tún ilé ọ̀hún tà fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa irọ́ náà kí onílé tó kọ̀ ọ́, ilé ti lọ nìyẹn. Owó nìkan ló kù tí onílé lè bá oníjìbìtì fà. Bó bá sì ti mọ̀ pé irọ́ ni, tó tún ń gba owó díẹ̀díẹ̀ tí wọ́n ń san, ó ti fọwọ́ sí i nìyẹn. Kíákíá ló yẹ kó gbé ẹjọ́ lọ.

Ìwé ìhágún ló le jù, torí ẹni tó kọ ọ́ kì í sí láyé mọ́ láti ṣàlàyé. Lábẹ́ òfin tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1837, tí orílẹ̀-èdè púpọ̀ yá lò, ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pa pọ̀ nígbà tí ẹni tó ni ìwé ìhágún ń buwọ́ lù ú, kí àwọn náà sì buwọ́ lù ú lójú rẹ̀. Bí ọ̀kan bá jáde lọ dáhùn fóònù lásìkò ìbuwọ́lùwé, ìwé ti bàjẹ́. Bí ẹlẹ́rìí bá jẹ́ ẹni tí wọ́n fi nǹkan sílẹ̀ fún, tàbí ọkọ tàbí aya rẹ̀, ìwé kò kú, àmọ́ ẹ̀bùn yẹn ti lọ. Àtúnṣe tí wọ́n fi bírò ṣe lẹ́yìn náà láìsí ẹlẹ́rìí kò já mọ́ nǹkan kan: ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni wọ́n á tẹ̀ lé, bó bá ṣì ṣeé kà.

Ní ti làákàyè, ipò tí orí ènìyàn wà lásìkò tó ń buwọ́ lùwé ni wọ́n ń wò. Ẹni tí àìsàn ń da ọpọlọ rẹ̀ rú lè ní àárọ̀ kan tí iyè rẹ̀ pé. Kí dókítà kọ ohun tó rí sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ìyẹn kì í jẹ́ kí àríyànjiyàn pọ̀.

Aṣojú kò gbọ́dọ̀ kọjá àṣẹ tó wà nínú ìwé. Ẹni tí wọ́n ní kó fi ilé háyà kò lè tà á, àṣẹ náà sì sábà máa ń parí bí ẹni tó fún un bá kú.

Gbogbo àbùkù kọ́ ló ń pa ìwé. Orúkọ tí wọ́n ṣì kọ ṣeé tún ṣe. Owó òǹtẹ̀ ìjọba tí wọn kò san lè mú kí kóòtù má gba ìwé wọlé títí wọn yóò fi san án pẹ̀lú owó ìtanràn. Bí gbólóhùn kan bá tako òfin, wọ́n lè gé e kúrò kí ìyókù máa ṣiṣẹ́, àfi bó bá jẹ́ pé orí gbólóhùn yẹn gan-an ni gbogbo àdéhùn dúró lé.