Steve Dalkowski: kí ló dé tí ọlọ́wọ́ iná yìí ò fi dé líìgì ńlá?

Ìbéèrè: Ta ni Dalkowski gan-an?

Ọmọ New Britain ní Connecticut, l'Amẹ́ríkà ni, 1939 ni wọ́n bí i. Ọwọ́ òsì ló fi ń ju bọ́ọ̀lù nínú bẹ́síbọ́ọ̀lù, ẹgbẹ́ Baltimore Orioles sì gbà á ní 1957 bó ṣe ń jáde girama báyìí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó rí i lójú ara wọn ní àwọn ò rí ẹni tó yára tó o mọ́, síbẹ̀ ọdún mẹ́sàn-án ló fi wà ní àwọn líìgì kéékèèké, kò ju bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo nínú eré líìgì ńlá, èyí tó ga jù lọ l'Amẹ́ríkà.

Ìbéèrè: Ṣé wọn ò kàn máa pọ́n ọn lé ni? Ṣé wọ́n wọ̀n ọ́n?

Wọ́n wọ̀n ọ́n o. Ní 1958 wọ́n mú un lọ sí ọgbà àwọn ológun ní Aberdeen, ẹ̀rọ wọn ní máìlì 93.5 ní wákàtí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ṣe é: ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ju bọ́ọ̀lù nínú eré lánàá ọjọ́ yẹn ni, orí ilẹ̀ gbalasa ni wọ́n ní kó dúró sí, kì í ṣe orí òkìtì tí àwọn ajùbọ́ọ̀lù fi ń rí agbára, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lo 40 ìṣẹ́jú kí bọ́ọ̀lù kan tó gba ojú ẹ̀rọ yẹn kọjá. Èmi ò gbà rárá pé 93.5 yẹn ni gbogbo agbára ẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ló wá dá a dúró?

Kò mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ẹ̀ máa lọ. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé: tí ẹni tó di igi mú bá kùnà ẹ̀ẹ̀mẹta, ó jáde, àmọ́ tí ajùbọ́ọ̀lù bá jù ú síta ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹni yẹn á rìn lọ sí ibùdó àkọ́kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Kingsport, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tó wà lábẹ́ Orioles, ní 1957, láàárín inning 62 péré (eré kan pín sí inning 9), Dalkowski lé èèyàn 121 jáde, ó sì fi 129 rìn lọ́fẹ̀ẹ́! Nínú eré kan lọ́dún yẹn ó lé 24 jáde, ó fi 18 rìn. Ní Stockton, ẹgbẹ́ kékeré mìíràn, ní 1960, 262 ló lé jáde, 262 náà ló fi rìn, ẹ tún un kà.

Ìbéèrè: Ṣé kò sí kóòṣì tó ràn án lọ́wọ́ ni?

Earl Weaver ni, kóòṣì ẹ̀ ní ẹgbẹ́ kékeré Elmira ní 1962. Àwọn tó ṣáájú ti da oríṣiríṣi ìmọ̀ràn bò ó, Weaver ní kó gbàgbé gbogbo ẹ̀, kó mú irú bọ́ọ̀lù méjì péré, kó sì kàn máa jù ú sí àárín gbùngbùn. Inning 160, ó lé 192 jáde, àwọn tó fi rìn já wálẹ̀ sí 114. Inú mi máa ń dùn tí mo bá dé ibí yìí.

Ìbéèrè: Ó wá kù síbo?

March 1963, wọ́n ti wọn aṣọ Orioles fún un, ló bá ń ju bọ́ọ̀lù nínú eré ìgbaradì pẹ̀lú ẹgbẹ́ Yankees, ìgúnpá òsì ẹ̀ bàjẹ́. Eré ọwọ́ yẹn ò padà wá mọ́. Iṣẹ́ abẹ ìgúnpá táwọn ajùbọ́ọ̀lù ń ṣe lónìí, 1974 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àkọ́kọ́ ẹ̀.

Ìbéèrè: Báwo ló ṣe gbẹ̀yìn?

Ọtí ti wọ̀ ọ́ lára tipẹ́, ó bá àwọn alágbàṣe kórè oko ní California fún ọdún púpọ̀, kó tó padà sí New Britain ní 1994, ibẹ̀ ni COVID-19 ti pa á ní April 2020, ẹni 80 ọdún. Ṣùgbọ́n ní 2003 Orioles pè é wá sí pápá wọn ní Baltimore, wọ́n ní kó wá ju bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ń ṣí eré, ó sì jù ú.